Ìgò Wáìnì Kaọ̀ àti Eyín Mi Méjì

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin gbá ìgò wáìnì mọ́ mi lẹ́nu, ìgò náà kò fọ́. Eyín mi ló kán, méjì, níwájú, lókè. Mo rántí pé ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, ni pé àwọn Faransé mọ ìgò ṣe. Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nígbà náà nìyẹn. Bí o bá nà mí, n ó kọ́kọ́ yin pàṣán rẹ kí n tó bú ọ.

Ọdún yẹn, Èkìtì ṣì wà pẹ̀lú wa nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Ọ̀kà láti ilẹ̀ Faransé, níbi tí mo ti lo ọdún mẹ́fà nínú ilé ìdáná ilé oúnjẹ kan. Abọ́ ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fún mi ní ọ̀bẹ, mo ń gé àlùbọ́sà. Nígbà tó yá, wọ́n gbé mi síwájú iná. Cahors ni wọ́n ń kọ orúkọ ìlú náà, Kaọ̀ ni wọ́n ń pè é lẹ́nu. Odò kan yí i ká, òkè wà lẹ́yìn rẹ̀, òkúta pọ̀ níbẹ̀ bíi ti Ọ̀kà, ìdí nìyẹn tí ara mi fi tètè mọlé. Wáìnì pupa tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ pupa tó bẹ́ẹ̀ tó fi ṣú. Àwọn ará ibẹ̀ gan-an ń pè é ní wáìnì dúdú. Bí o bá mu ún lásán, á fún ọ láhọ́n bí orógbó. Àfi kí ọ̀rá pàdé rẹ̀. Bí o bá gbé pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi ọ̀rá ara rẹ̀ sè sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí ẹran àgùntàn, tàbí ẹ̀wà funfun tí ẹran ti jinná mọ́ nínú, tàbí olú inú igbó, wáìnì náà á rọ̀, ẹran náà á rọ̀, ìwọ náà á dákẹ́.

Ọ̀gá mi níbẹ̀ kì í fẹnu kọ́ni. Ọkùnrin tí ọrùn rẹ̀ ki ni, ìdí páànù ìdáná ló fi ń kọ́ni níṣẹ́. Lọ́jọ́ kan mo gbé ẹja fún oníbàárà kan tó ń mu wáìnì dúdú yẹn, láìdámọ̀ràn ohun tó dára jù fún un. Ọ̀gá mi di ọwọ́ òsì mi mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ààrò títí awọ fi bó. Ó ní ẹja àti wáìnì yẹn kì í ṣe tọkọtaya. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbàgbé. Àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sì sọ pé ó yà mí lẹ́nu, irọ́ ni mo pa, torí ilé bàbá mi ti kọ́ mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ọdẹ ni bàbá mi. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Bàbá mi ń fi méjèèjì bá wa wí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo gbé akèrègbè ẹmu tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àlejò, mo ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta ẹ̀yìnkùlé wa, mo ṣubú, akèrègbè fọ́. Bàbá mi so mí mọ́ ìdí igi ọsàn, ó tú bẹ́líìtì. Àbúrò mi kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ó sáré wá, ó dì mọ́ mi lẹ́yìn, ó fi ara rẹ̀ bò mí. Bàbá mi kò tètè rí i, tàbí ó rí i, ọwọ́ rẹ̀ kò tètè dúró. Irin bẹ́líìtì náà ya á léjìká. Kò ké. Èmi tí bẹ́líìtì kò kàn mọ́ ni mò ń ké. Àpá yẹn náà ṣì wà, mo máa ń rí i nígbà tó bá wọ bùbá tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà rẹ̀ bá mi ní Kaọ̀ pé òun ti rí ọkọ, pé ará Ìkàrẹ́ ni, pé inú òun dùn, mo kó ẹrù mi. Nínú ẹrù náà ni ìgò wáìnì dúdú mẹ́ta wà, tí mo fi síngílẹ́ẹ̀tì wé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí àwọn àna wa rí irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó jẹ́.

Ìdílé mùsùlùmí ni ìdílé ọkọ. Bàbá ọkọ jẹ́ àfáà tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, àgbàlagbà tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ohùn rẹ̀ kì í jáde kọjá ibi tí ó bá fẹ́ kó dé. Ilé tiwa, àwa ń bọ ohun tí bàbá wa ń bọ, a tún ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tó bá wù wá, a sì ń jẹ ohun tí ìbọn bàbá wa bá pa. Torí èyí, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ní Ìkàrẹ́ ló fẹ́ kí ìgbéyàwó náà ṣẹ. Àbúrò mi mọ̀. Bí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ bá bàjẹ́, kò tún sí ọjọ́ mìíràn. Ìyá mi mọ̀ pẹ̀lú. Ó ra ìkòkò tuntun, torí ìkòkò wa ti se ìmàdò rí. Bàbá mi fúnra rẹ̀, ẹni tí kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ènìyàn, ní kí wọ́n pe àfáà kan wá du àgbò náà, kí ọkàn àwọn àlejò lè balẹ̀. N kò rí i kó ṣe irú ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Èmi ni wọ́n gbé oúnjẹ lé lọ́wọ́. Àbúrò mi bá mi lẹ́yìn ilé ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ sí ọtí níbẹ̀ o."

Mo ní, "Ẹnikẹ́ni kò ní rí ìgò ọtí lórí tábìlì."

Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó rò pé ìlérí ni mo ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé ìkòkò tuntun ka iná. Mo dín ẹran àgbò nínú ọ̀rá ara rẹ̀ títí ó fi pọ́n, mo da àlùbọ́sà sí i, mo da olú tí ìyá mi ṣa sí i. Mo dúró. Mo lè da omi sí i, kí n fi ata àti irú sè é bí ìyá mi ti ń sè é, gbogbo ènìyàn á jẹ, wọn á ṣàdúrà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo àpá ọwọ́ mi, mo ronú nípa ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi páànù kọ́ mi níṣẹ́, mo sì sọ fún ara mi pé iná á jẹ agbára ọtí náà tán, pé ohun tí iná bá jẹ kò sí mọ́. Mo fa ìdérí ìgò méjì, mo dà á sí i. Igbéraga ni. N kò ní orúkọ mìíràn fún un, mo sì ti wá a kiri.

Àbúrò mi wọlé. Ó fa imú.

"Òórùn kí lèyí?"

"Omi èso ni. Èso àjàrà. Tọ́ ọ wò."

Ó fi ìka tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò jẹ irú rẹ̀ rí. Kò pẹ́ tó jáde.

Àwọn àlejò dé nínú bọ́ọ̀sì kan ní kété tí oòrùn mú. A kí wọn, wọ́n kí wa. Ní ilé tiwa, bàbá ìyàwó àti bàbá ọkọ máa ń fọwọ́ nínú abọ́ kan, wọ́n sì máa ń jẹ nínú àwo kan, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ibi sí èkejì ṣe é sí ara rẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá mi àti àfáà jókòó, wọ́n fọwọ́, wọ́n jẹ iyán pọ̀. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló ń bu ẹran kún ọbẹ̀ wọn. Àfáà jẹ, ó lá ìka. Ó ní, "Alhamdulilahi. Ẹ bá mi kí ẹni tó sè é." Bàbá mi wo ẹ̀yìn, ó wá ojú mi, ó mi orí láti fi yìn mí. Nínú ayé mi, ìgbà yẹn nìkan ni bàbá mi mi orí sí mi lójú ènìyàn.

Ká ní mo dákẹ́ lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ ìbá ti parí.

Àbúrò ọkọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ara rẹ̀ le, lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti fọwọ́. Ìgbà tó padà, ìgò méjì tó ṣófo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbàgbé láti kó wọn pa mọ́. Tàbí kẹ̀, mo fẹ́ kí ẹnì kan rí wọn, kí ó béèrè. Ó gbé ọ̀kan súnmọ́ imú, ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi èyí ṣe?"

Mo lè sọ pé èmi ni mo mu ún. Irọ́ kékeré ìbá gbà wá là. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní, "Ó wà nínú ohun tí o jẹ. O sì lá ìka rẹ."

Ó tutọ́ sílẹ̀. Itọ́ náà kan ẹsẹ̀ mi. Ìgbakọ onírin wà lọ́wọ́ mi, mo sì fi gbá a níwájú orí kí n tó mọ̀ pé mo gbé ọwọ́. Awọ orí rẹ̀ là bí àkàrà gbígbóná. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, ó sì wọ́ mi lọ́rùn mọ́ra, a jọ ṣubú lu ìkòkò, ọbẹ̀ gbígbóná dà sí wa lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan kígbe pé, "Ọtí ni wọ́n fún wa jẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣí ilẹ̀kùn fún ìyókù. Bẹ́ǹṣì ń fò. Àwọn ọmọ àdúgbò wa tí kò tilẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó òkúta, òkúta kò sì wọ́n ní Ọ̀kà. Wọ́n fọ́ gíláàsì bọ́ọ̀sì àwọn àlejò. Mo rí ọkùnrin kan tí wọ́n fi àga lu lápá, mo gbọ́ bí egungun náà ṣe ró. Ọkọ ìyàwó dúró láàárín, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń bẹ àwọn tirẹ̀, ó ń bẹ àwọn tiwa, àwọn tirẹ̀ àti àwọn tiwa sì ń lù ú. Mo gbádùn ara mi. Ó yẹ kí n sọ ọ́. Fún bí ìṣẹ́jú méjì, kí n tó rí àfáà, mo gbádùn gbogbo rẹ̀.

Àfáà ti rìn lọ sí ìdí igi ọsàn. Ó kúnlẹ̀, ó ki ìka bọ ọ̀fun, ó ń bì. Fìlà rẹ̀ jábọ́, ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó tún ki ìka bọ̀ ọ́, ó tún bì, títí kò fi sí nǹkan mọ́ bí kò ṣe omi. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ìdí igi yẹn gan-an ni wọ́n ti so mí mọ́ nígbà tí mo fọ́ akèrègbè.

Bàbá mi gbé ìbọn rẹ̀ jáde, ó yìn ín sókè. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lójijì. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni àwọn àlejò gbé àwọn tó fara pa, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì tí kò ní gíláàsì mọ́, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìkàrẹ́.

Àbúrò mi kò sunkún. Ó rìn wá bá mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ìgò kan nílẹ̀. Ó ní, "Ìwọ. Ìwọ ní kí n tọ́ ọ wò. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi bù ú fún wọn." Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò fi "ìwọ" pè mí rí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí kí ìgò tó dé. Lẹ́yìn náà ni ìgò dé.

Mo dúró de bàbá mi. Mo rò pé yóò pa mí. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ kan, ìbọn lórí itan, ó ń wo ìdí igi ọsàn. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọ̀túnla, a ó lọ bẹ̀ wọ́n. Ìwọ ni o máa dọ̀bálẹ̀." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Mo ti mọ bí a ṣe ń gba bẹ́líìtì. N kò mọ bí a ṣe ń gba èyí.

Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni ilé àfáà wà ní Ìkàrẹ́. Ètè mi ti wú, n kò lè pa ẹnu dé. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún wa ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo fọ́ lórí, báńdéèjì wà níwájú orí rẹ̀. Ó wò mí. Mo rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe di ẹ̀ṣẹ́, tó tún tú. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a wọlé. Àbúrò mi ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa, láti àárọ̀ ló ti kúnlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ilé, ó fi ìborùn bo orí.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo fi àyà lélẹ̀. Bàbá mi bẹ̀bẹ̀, àwọn àgbà méjì tó bá wa wá bẹ̀bẹ̀. Àfáà jẹ́ kí wọ́n sọ tán. Ó ní òun ti gbọ́, pé Ọlọ́run ní í dárí jini, òun kì í ṣe nǹkankan. Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ó ní, "Ẹni tó bá jẹun nílé mi, ọ̀rọ̀ èmi àti òun ti tán."

Ọ̀dọ́mọkùnrin oníbáńdéèjì ló gbé e wá. Iyán nínú àwo kan, ọbẹ̀ nínú abọ́ kan, fún èmi nìkan. Ó gbé e síwájú mi, ó dúró. Gbogbo ojú wà lára mi. Mo fọ ọwọ́. Ọwọ́ náà kò lọ sínú àwo. Mo wo ọbẹ̀ náà, ọ̀rá léfòó lójú rẹ̀, òórùn irú ń bọ̀ láti inú rẹ̀, mo sì ń ronú nípa ohun tí èmi ìbá fi síbẹ̀ ká ní èmi ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ẹni bá yọ́ ilẹ̀ dà, ohun búburú a máa yọ́ wọn ṣe. Ẹ̀rù bà mí.

Bàbá mi sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ ní èdè ilé wa: "Jẹ uyán yẹn."

Ohun tí mo sọ ni, "Kí ló wà nínú ọbẹ̀ yìí?"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa kérora. Àfáà kò bínú. Ó ní, "Ẹran, ata, iyọ̀, irú. Ṣé o gbà mí gbọ́?"

Mo fa ọwọ́ mi kúrò létí àwo.

Ó ní, "Èmi gbà ọ́ gbọ́ ní Ọ̀kà. N kò béèrè nǹkankan."

Ó ń gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n wá gbé oúnjẹ náà kúrò. Bí wọ́n bá gbé e, ìgbéyàwó náà ti bá a lọ, kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú iyàrá yẹn. Nígbà náà ni àbúrò mi jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Ìyàwó kì í jẹun lójú bàbá ọkọ kí wọ́n tó gbé e wọlé, àbùkù ńlá ni. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín èmi àti abọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ṣí ìborùn kúrò lójú, ó bu òkèlè. Ó jẹ. Ó tún bù. Ìborùn ti yẹ̀ kúrò léjìká rẹ̀, àpá bẹ́líìtì wà níwájú mi gan-an, bí ìka tí a nà sí mi. Ó jẹ gbogbo rẹ̀, ó fi òkèlè tó gbẹ̀yìn nu abọ́. Nígbà tó tán, ó ní, "Mo yó, Bàbá."

Àfáà wò ó pẹ́. Ó ní, "Ìyàwó wa ti dé ilé." Ó ní kí wọ́n bu omi wá kó fọ ọwọ́.

Àbúrò mi ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀. Wọn kò pè mí, n kò sì lọ.

Lónìí mo ní ilé oúnjẹ lẹ́bàá títì tó lọ sí Ìkàrẹ́. Àwọn tó bá ti òkè òkun dé máa ń bi mí léèrè nípa wáìnì pupa, mo sì ń sọ fún wọn bó ti rí. Ẹ má fi wáìnì dúdú jẹ ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ pọ̀, á korò, á sì jó yín lẹ́nu. Ẹ má fi jẹ ẹja. Ẹ fi jẹ ẹran ewúrẹ́ tó lọ́ràá, ẹ fi jẹ olú, ẹ fi jẹ ẹ̀wà tó jinná dáadáa pẹ̀lú ẹran gbígbẹ, ẹ fi jẹ iṣu sísun àti epo, ẹ ó rí i pé wọ́n mọra. Mo ń fẹnu sọ ọ́ ni. Ìgò kẹta ṣì wà nínú àpótí mi, mo ṣí i lẹ́ẹ̀kan láti mu, ihò eyín mi ta mí, mo tún dé e pa. Á ti kan báyìí.

Ní gbogbo ọdún Iléyá, àbúrò mi máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí mi. Mo máa ń gbé oúnjẹ síwájú wọn, mo sì máa ń dúró níwájú rẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ń kà á fún un: ẹran, ata, iyọ̀, irú. Àwọn ọmọ a jẹ, wọn a lá ìka. Òun a jókòó tì wọ́n, a nu ẹnu èyí tó kéré jù.

"Mo gbọ́, Bọ̀dá mi," ló máa ń sọ. "Ẹ má bínú. Mo ti yó láti ọjọ́ yẹn."